Ta Ló Tú Nọ́ọ̀tì Jíà?

Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì tó nà gbọọrọ jáde lábẹ́ mọ́tò àtijọ́ kan tó láwọ̀ eérú, bàtà ọ̀kan ti bọ́, ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láàárọ̀ kò ní ka ẹsẹ̀ lábẹ́ mọ́tò sí nǹkan kan, ibẹ̀ náà lẹsẹ̀ mẹkáníìkì ń gbé. Ìdí nìyẹn tí Oníbátìrì, tí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, fi kí ẹsẹ̀ náà pé, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o," tó tún ń dápàárá pé àbí abẹ́ mọ́tò lọ̀gá sùn. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò, ló bá figbe ta.

Mọ́tò ti jókòó lé ọkùnrin náà láyà. Jáàkì ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyà ti fọ́ bí igbá, ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹnu àti imú jáde ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì inú yẹ̀pẹ̀, eṣinṣin sì ti dé ṣáájú ọlọ́pàá.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ni gbogbo àdúgbò ń pe òkú yìí nígbà tó wà láyé. Bó bá di ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń gbọ̀n, kò sí mẹkáníìkì tó tó o. Àwọn yòókù á ti sọ ẹnjínnì kalẹ̀ kí wọ́n tó bi onímọ́tò pé báwo ló ṣe ń gbọ̀n. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á tan mọ́tò sílẹ̀ láì fi sí jíà, á wá fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ. Bó bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, ó ti mọ̀ pé ẹnjínnì lẹlẹ́ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tó bá ń sáré nìkan ló ń gbọ̀n, á wà á dé ìsọ̀kalẹ̀, á yọ jíà kúrò níṣẹ́, á wò ó bóyá á dákẹ́. Ìgbà tó bá mú ẹlẹ́ṣẹ̀ ló tó máa fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sí i lára. Ibi tí kò bá ti fa ìlà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi sípánà kàn án, ì báà jẹ́ àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọ̀hún gan-an lọ̀rọ̀ wá já lé lórí. Bàbá Jíà ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí iṣẹ́ jíà nìkan ló ń ṣe, àti torí pé kò sí àìsàn tí mọ́tò lè ṣe tí kò ní í sọ pé jíà ni. Bí fèrè mọ́tò yín ò bá dún, á ní ẹ jẹ́ kóun wo jíà. Lọ́sàn-án àná, gbogbo ojú títì ló rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń jà lórí mọ́tò eérú yìí. Àbúrò ní jíà ni. Ẹ̀gbọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án. Àbúrò ti gbé sípánà, ó ti ń wọ abẹ́ mọ́tò, ni ẹ̀gbọ́n tí kò lu ẹnikẹ́ni rí bá fà á jáde lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ ọ létí, gbòòà! Bàbá Jíà gbé ọ̀pá jáàkì sókè, ó ní, "Màá pa ẹ́ lọ́jọ́ kan! Gbogbo ayé á gbọ́ pé èmi ni mo pa ẹ́!" Lẹ́yìn náà ó ju ọ̀pá nù, ó bínú lọ sílé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bàbá Jíà ń súfèé bọ̀ láàárọ̀ yẹn, kò tíì bèèrè pé kí ló dé tí òkúta àkọ́kọ́ fi bà á lójú. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń bá jẹ tó ń bá mu, làwọn tó ń fi bẹ́líìtì ẹnjínnì nà án. Ẹnì kan fi irin lù ú lápá, apá kán, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ bó ṣe dún. Wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ní pẹtiróòlù, nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá já wọlé.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ má jẹ́ kí ojú yẹn tàn yín. Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́ ni wọ́n sọ ọ́, nítorí gbólóhùn tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Sájẹ́ǹtì rẹ̀, obìnrin gíga kan tọ́wọ́ rẹ̀ le ju ti ọkùnrin mẹ́ta lọ, yìnbọn sókè, ó tú àwọn èèyàn ká, ó sì yọ táyà lọ́rùn Bàbá Jíà.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún wa!" ni Oníbátìrì ń pariwo. "Ó pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ n gbọ́," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Ta ló rí i?"

"Gbogbo wa la rí ìjà!"

"Mi ò bèèrè ìjà. Mo ní ta ló rí ikú?"

Oníbátìrì wá sún mọ́ ọn, ó nawọ́ sí i lójú. "Ọ̀gá, bí oòrùn bá wọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì fi apààyàn mìíràn hàn wá, a ń bọ̀ lágọ̀ọ́ yín wá gbé eléyìí. Géètì yín ò ga ju èyí tá a lè fò lọ."

Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán. Ó ní kí wọ́n gbé Bàbá Jíà lọ sí àtìmọ́lé, òun fúnra rẹ̀ sì dúró ti òkú.

Wọ́n gbé mọ́tò kúrò lórí ọkùnrin náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì láì wo ti ṣòkòtò. Ẹ̀yìn orí òkú ti là. Ó fọwọ́ kàn án, eegun rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ orí yẹn, yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ni, kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí irin.

"Àyà ni mọ́tò bà lé," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Kí ló wá là á lẹ́yìn orí?"

"Ohun tó kọ́kọ́ bà á." Ó tọ́ka síwájú mọ́tò, níbi tẹ́nì kan ti fẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo nǹkan. Ó fìka tú u, ó bá ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Láti ibẹ̀ ni ipa gìgísẹ̀ méjì ti wá sábẹ́ mọ́tò, bíi tẹni tí wọ́n wọ́ nílẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ti yọ ọ̀pá jáàkì, irun lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

"Iwájú mọ́tò ni wọ́n ti lù ú. Wọ́n wọ́ ọ wá síbí, wọ́n sì sọ mọ́tò lé e kó lè jọ pé jáàkì ló yẹ̀." Ó tún wo ẹ̀jẹ̀ ẹnu òkú, ojú rẹ̀ yí padà. "Òkú kì í pọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, Sájẹ́ǹtì. Ó ṣì ń mí nígbà tí wọ́n sọ mọ́tò yẹn kalẹ̀."

Sájẹ́ǹtì tutọ́ sílẹ̀. "Olórí burúkú lẹni tó ṣe èyí."

Nínú àpò ṣòkòtò òkú, wọ́n rí áńkáṣíìfù funfun kan. Gbogbo àkísà inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí nìkan ló mọ́. Bọ́tìnnì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ yẹ́lò bò ó, òwú tó já ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá wò ó títí, ó dá a padà sínú áńkáṣíìfù, ó fi sápò tirẹ̀.

Ó wá wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹnì kan ti tú nọ́ọ̀tì bíi mélòó kan lára jíà, ó sì ti ba gbogbo etí wọn jẹ́, bí ìgbà téku bá jẹ nǹkan. Ẹ̀rún dígí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń dán nínú gírísì wọn.

"Dígí mọ́tò tó fọ́ ni," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Dígí mọ́tò máa ń fọ́ wóróbo bí iyọ̀ ni. Èyí rí bí abẹ́rẹ́." Ó yọ nọ́ọ̀tì kan sápò, ó dìde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ pẹ́ tóun náà ti ń gbé mọ́tò jágbajàgba tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, ó sì ti jókòó wo iṣẹ́ ọkùnrin náà títí. Ó mọ ibi tó yẹ kóun wò. Àwọn pulọ́ọ̀gì tó ń tanná sí ẹnjínnì mọ́ tónítóní, wọ́n ti yọ wọ́n wò, wọ́n ti dá wọn padà. Wọn ò jẹ̀bi. Nísàlẹ̀, lára síìtì ẹnjínnì, ìyẹn rọ́bà òun irin tí ẹnjínnì jókòó lé kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà dé ara mọ́tò, ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun wà níbẹ̀ gbangba. Kò sí ìlà kankan lára jíà.

"Tan án," ló wí fún Sájẹ́ǹtì. "Má fi sí jíà."

Mọ́tò náà tan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tìtì, síárìn ń jó lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ilẹ̀kùn ń lu ara wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, eyín mi fẹ́ẹ́ bọ́!"

"Pa á. Jíà ò sí níṣẹ́, ó ṣì ń gbọ̀n. Kí ni jíà wá mọ̀ nípa rẹ̀?" Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. Rọ́bà síìtì tó bá gbó, ńṣe ló máa ń sán, á sì máa rún. Èyí ò rún. Ó já ni, irin tó dì í mú sì tẹ̀ sẹ́yìn. Ó wá fi èékánná họ iwájú mọ́tò: ọ̀dà tuntun lórí ògbólógbòó irin. "Mọ́tò yìí ti kọ lu nǹkan. Wọ́n ti tún ìta rẹ̀ ṣe, wọn ò mọ̀ pé inú ti já. Ta ló ni ín?"

Oníbátìrì, tó ṣì dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ló dáhùn. "Ti àbúrò wọn obìnrin ni, Aránṣọ. Òun ló fúnra ẹ̀ wà á wá láàárọ̀ àná."

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́, èrò ti ń pọ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ń sọ òkò sórí páànù. Bàbá Jíà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ojú rẹ̀ kan ti wú dí, ó gbé apá tó kán lé itan. Gbogbo ìgbà tí òkò bá ba páànù ló ń fò.

"Ẹ jẹ́ n gbọ́," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Kí ló ń ṣe mọ́tò yẹn?"

"Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń bi mí ní mọ́tò?"

"Dá mi lóhùn."

"Jíà ni."

"Ó ṣì dá ẹ lójú?"

"Bí wọ́n bá ń sun mí lọ́wọ́ báyìí, jíà ni."

Sájẹ́ǹtì ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi gbá a létí.

"Ẹ má bi mí mọ́, ọ̀gá, òun ni mo rò títí tí mi ò fi sùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ẹnjínnì tipẹ́, mo pè é, kò dáhùn. Nígbà tó gbójú sókè, ojú ẹ̀ kì í ṣe ojú ẹ̀ mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ ni."

"Ọmọ wo?"

Bàbá Jíà fi ojú kan tó kù wò ó, ìkórìíra wà níbẹ̀. "Ẹ ti gbàgbé. Ọmọbìnrin ẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá ẹ̀ bí sílẹ̀ kó tó kú. Mọ́tò gbá a lójú títì nínú òjò lóṣù tó kọjá, ó sì sá lọ. Ẹ̀yin ọlọ́pàá lẹ ní ẹ máa wá mọ́tò náà rí."

Ìtìjú mú Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́. Kò wá àwáwí kankan. Ó mú nọ́ọ̀tì tó ti bàjẹ́ jáde, ó gbé e fún un. Bàbá Jíà yí i lọ́wọ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

"Ta ló ṣe irú èyí? Ta ló fi ẹmú tú nọ́ọ̀tì jíà? Sípánà ẹ̀ ń bẹ nínú àpótí mi, mo tì í kí n tó lọ sílé! Ọ̀gá, tínú bá bí mi, mo lè ṣìwà hù sí èèyàn, mi ò lè ṣe nọ́ọ̀tì báyìí láéláé!"

Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì ní, "Òun fúnra ẹ̀ ló ní jíà ni, abẹ́ jíà náà la sì ti bá òkú."

"Ẹni tó ń tú jíà lójoojúmọ́ kọ́ ló ba nọ́ọ̀tì yẹn jẹ́. Ẹni tó pa Bàbá Ṣọ́ọ̀kì fẹ́ ká rò pé ibi àìsàn mọ́tò ló wà tó fi kú. Kò mọ ìtumọ̀ ṣọ́ọ̀kì, kò sì mọ jíà í tú. Jíà ló ṣáà ti rò pé ó bàjẹ́."

Òkò mìíràn fọ́ fèrèsé lẹ́yìn wọn. Oòrùn ti kọjá àtàrí.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá iwájú rẹ̀, láàárín aṣọ tí kò tíì rán tán, ó ti sunkún títí ohùn ti há. Ọ̀gá ọlọ́pàá kí i kú ara fẹ́ra kù, ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò yẹn, ta ló ń wà á?"

"Ọkọ mi ni. Láti bíi oṣù kan ló ti gbé e sẹ́yìn ilé, ó fi tapólì bò ó, ó ní jíà ti bàjẹ́, kí n má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé tí kò gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n yín? Ẹni tó ní àna mẹkáníìkì!"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ, ká má dà á láàmú. Àná ó wọkọ̀ lọ ra dígí, onídígí ni, ó ń gé dígí fèrèsé. Mo wá ní kí n ṣe é lóore. Kó dé kó bá mọ́tò ẹ̀ tó ti dáa. Mo wà á lọ, ó ń gbọ̀n débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì." Ó nu imú. "Nírọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ó ní bí ọkọ mi bá dé, kó yà wá rí òun lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò náà, kó dá nìkan wá. Mo jíṣẹ́ fún un. Ẹ wá wo bó ṣe bínú! Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́. Ó jáde. Nígbà tó padà, ó ní òun ò débẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù òun lòun wà."

Ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá fẹ́ ṣe ò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó tú áńkáṣíìfù.

Aránṣọ já bọ́tìnnì náà gbà. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí! Ẹ wo bí mo ṣe ń so òwú lẹ́yìn ẹ̀. Aṣọ yẹ́lò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbá a. Ọ̀kan já níbẹ̀. Mo wá a títí nínú ẹrọ̀fọ̀, kí n lè rán an padà kí wọ́n tó sin ín. Níbo lẹ ti rí i?"

"Àpò ẹ̀gbọ́n yín ló wà. Ìdí ẹnjínnì mọ́tò yín ló ti rí i."

Ó kọ́kọ́ ní rárá. Ó ní rárá lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé. Lẹ́yìn náà ó ké igbe kan tí Sájẹ́ǹtì fi di etí, ó forí sọ irin máṣíìnì ìránṣọ, gbì, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bò ó lójú. Kí wọ́n tó dì í mú, ó ti bẹ́ sójú títì láìwọ bàtà.

Ṣọ́ọ̀bù dígí ò jìnnà. Yàrá tóóró ni, dígí ńlá ńlá fẹ̀yìn ti ògiri lọ́tùn-ún lósì, tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ̀ ń wo ara yín níbi gbogbo. Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́ ní kí Sájẹ́ǹtì di Aránṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà, òun sì wọlé. Onídígí ń fa ìlà lójú dígí kan lórí tábìlì, ẹmú pẹlẹbẹ tó fi ń kán an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń yìn.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́," ló wí. "Ṣé ọmọ burúkú yẹn ti jẹ́wọ́? Mo ti bá a wí wí wí. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́. Kí ló ń ṣe mọ́tò yín?"

"Jíà ni."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò fún yín?"

"Ṣebí ó ń gbọ̀n. Kí ló tún kù?"

"Síìtì ẹnjínnì." Ọ̀gá ọlọ́pàá mú ẹmú pẹlẹbẹ, ó gbé nọ́ọ̀tì sáàárín eyín rẹ̀, ó bá ojú àpá mu wẹ́kú, gírísì dúdú sì ti gbẹ mọ́ ẹmú náà léyín. "Iwájú mọ́tò kọ lu nǹkan, síìtì já. O gbé e lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ẹ́, wọ́n lù ú, wọ́n kùn ún, àmọ́ kò yéé gbọ̀n. O ò lè gbé e fún mẹkáníìkì gidi torí á bi ẹ́ pé kí lo kọ lù. O wá ń pè é ní jíà títí ìwọ náà fi gbà á gbọ́. Ìyàwó ẹ gbé e lọ fún ẹni kan ṣoṣo tó o ń sá fún. Ó rí bọ́tìnnì ọmọ ẹ̀. Ó gbá àbúrò ẹ̀ létí kó má baà tú mọ́tò náà ká, ó lé gbogbo èèyàn lọ, torí pé ó fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ bi ẹ́ kó tó fẹjọ́ sùn. Àna ẹ̀ lo jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fi síìtì hàn ẹ́, lo bá fi ọ̀pá jáàkì là á lórí."

"Irọ́ ni!"

"O wọ́ ọ sábẹ́ jíà. Àpótí sípánà wà ní títì, o bá yọ ẹmú àpò ẹ, o fi ba nọ́ọ̀tì jẹ́, kó lè dà bíi pé iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́. O wá yọ jáàkì. Àbí o ò gbọ́ ọ? Ó ṣì ń mí!"

Aránṣọ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ó ti wọlé. Nínú gbogbo dígí yẹn, ojú ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ yí ọkọ rẹ̀ ká.

"Mi ò mọ̀ pé òun ni!" ni Onídígí ké. "Òjò ń rọ̀, mo rò pé ewúrẹ́ ni! Ìgbà tí mo délé tí mo bá ẹ níbi tó o ti ń sunkún ni mo tó mọ̀!"

"O gbé pósí ẹ̀," ni ìyàwó wí. "Èjìká ẹ lo fi gbé e. O sunkún jù mí lọ."

"Kí ni kí n wí? Kí ni ǹ bá wí fún yín?"

"O gbé pósí ẹ̀!"

Aránṣọ kọjú sí i. Onídígí gbá dígí orí tábìlì, ó fọ́, ó ṣa ẹ̀là kan tó gùn bí ọ̀bẹ, ó sì gbé e sókè sí ìyàwó rẹ̀. Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́ na ọwọ́ láti gbà á; dígí wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé eegun. Kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tú sí dígí ara ògiri bí Sájẹ́ǹtì ṣe fò ré tábìlì kọjá. Ìgbájú kan ló fún Onídígí. Ọkùnrin náà fi gbogbo ara wọ àárín dígí ńlá, wọ́n sì ya lulẹ̀ lé e lórí tọ̀tún tòsì, ariwo náà dé òpin àdúgbò. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, etí rẹ̀ kan ti rọ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n gbé Onídígí lọ sí àgọ́ mìíràn lódì kejì ìlú, torí ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Òun, Sájẹ́ǹtì àti Aránṣọ ló padà sí àgọ́ tirẹ̀. Èrò ti wó apá kan ògiri. Oníbátìrì ló ṣáájú, kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù lọ́wọ́.

Ẹ-Jẹ́-N-Gbọ́ gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ di ń kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì ròyìn fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Aránṣọ dúró tì í, àwọn èèyàn ń wo ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ariwo kú díẹ̀díẹ̀.

"Ó yá o!" ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Ẹni tó kán an lápá dà? Ẹni tó wá táyà dà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ apààyàn! Ẹ jáde wá kí n rí yín!"

Wọ́n ń wolẹ̀. Oníbátìrì gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ara ṣòkòtò, ó ní bóyá kóun lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé ọ̀rẹ́ òun lọ sílé ìwòsàn.

"Ọ̀rẹ́ ẹ!" ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó ranjú mọ́ ọn, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. Bàbá Jíà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò dìde.

"Síìtì ẹnjínnì ni?" ló bèèrè.

"Síìtì ẹnjínnì ni," ni ọ̀gá ọlọ́pàá dá a lóhùn.

"Ó jàre mi." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá. "Mo sọ fún un pé màá pa á. Ìyẹn ló gbọ́ lẹ́nu mi kẹ́yìn."

Aránṣọ wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, kò lè gbójú wò ó. "Bùrọ̀dá, èmi ni mo wà á lọ. Èmi ni mo jíṣẹ́ fún un. Ilé mi ni ikú àwọn méjèèjì ti wá."

Ọ̀gá ọlọ́pàá àti Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ ibi tí wọn máa kọjú sí. Níta, ẹnì kan ń ju táyà nù. Bàbá Jíà wo orí àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ sílẹ̀ títí.

"Dìde," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n wa ṣì wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sin ín bí kò ṣe àwa. Ìwọ nìkan ló kù fún mi. Dìde nílẹ̀, jọ̀ọ́."

Ó na ọwọ́ tí kò kán sí i.